Táǹkì Tó Kún Kì í Dún

Èmi ni mo rọ omi kún táǹkì tó wà lẹ́yìn àbúrò mi lọ́jọ́ tó kú. Mo ní kí n kọ ìyẹn sókè ìwé yìí, kí ọwọ́ mi má baà rí ibi yí i gbà tí mo bá dé ìsàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ru ọ̀rọ̀ náà kiri tí mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé orúkọ kì í sọ nù lọ́wọ́ mi. Mo mọ orúkọ gbogbo mẹ́gádì tó ti jókòó rí lẹ́nu ọ̀nà ilé onígíláàsì tí à ń fọ̀. Mo mọ orúkọ ẹni tó ń ta tíì lódìkejì títì, mo mọ ti ọmọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní Kánò. Mo mọ ti obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní àjà kẹta, tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú báírò tí mo dé orí orúkọ àbúrò mi, ọwọ́ mi kọ̀. Mo gbé báírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ní bí tirẹ̀ ò bá ní sí níbẹ̀, ti ẹnikẹ́ni ò ní sí níbẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Ilé wa wà lápá Kábà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Òun wà ní mẹ́ta nígbà tí bàbá wa kú, ó sì dúró síbẹ̀, ó ní kí èmi parí tèmi, kí òun máa bá ìyá wa lọ sóko. Nígbà tí a dàgbà, àwa méjèèjì la jọ ń gbé páǹpù oògùn koríko kọ́ ẹ̀yìn wọ oko olóko, à ń fọ́n ọn láti ìdájí títí oòrùn á fi mú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé ẹrù ẹ̀yìn fún wa ní Àbújá, kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tó ṣàjèjì ni pé gíláàsì ni à ń fi fọ̀.

Kó tó di pé táǹkì dé, ọ̀pọ̀ ọdún la fi gun àkàbà. Àbúrò mi ló ń gùn ún, èmi ni mò ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nílẹ̀. Òun á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọṣẹ àti fóòmù gòkè, pẹ̀lú igi tó ní rọ́bà lẹ́nu tí a fi ń fa omi kúrò lójú gíláàsì. Mo ti gbójú sókè wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ débi pé mo mọ gbogbo ibi tó ti là. Lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣubú. Ọ̀nà tí mò ń ṣọ́ nìyẹn. Ọ̀nà tí ikú gbà wọlé, mi ò ṣọ́ ọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa wá kó táǹkì ẹ̀yìn dé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó jọ páǹpù oògùn koríko wa àtijọ́, àfi pé bátìrì ló ń ti omi jáde níbi tó yẹ kéèyàn máa fọwọ́ pọ́ǹpù. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú rẹ̀ lọ sínú ọ̀pá gígùn kan tó fúyẹ́, tó ń yọ jáde lára ara rẹ̀ bí ìwo rédíò, búrọ́ọ̀ṣì sì wà lókè ọ̀pá náà. Èèyàn á dúró sórí ilẹ̀ á máa fọ àjà kẹta. Àkàbà parí nìyẹn. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ ògiri lẹ́yìn ilé.

Ọ̀gá wa kékeré ló kọ́ wa. Ọmọbìnrin ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ní a ò ní lo ọṣẹ mọ́, a ò sì ní nu gíláàsì mọ́. Omi inú kànga ẹ̀rọ máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ, nítorí náà wọ́n gbé fíítà ńlá kan sí ibi ìgbọ́kọ̀sí nísàlẹ̀ ilé, omi á kọjá nínú rẹ̀ kó tó wọ táǹkì wa. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń tì bọ omi náà, nọ́ńbà orí rẹ̀ ló ń sọ bí ìdọ̀tí tó kù nínú omi ṣe pọ̀ tó, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bí kò bá jẹ́ òdo, a ò gbọdọ̀ gbé e.

Àbúrò mi bi í bóyá òótọ́ ni pé omi lásán, tí kò lọ́ṣẹ, tí a ò nù, lè fọ nǹkan mọ́.

"Dádì, ẹ ṣáà fi í sílẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Ó máa gbẹ fúnra ẹ̀."

A dúró, a ń wò ó. Ó gbẹ. Kò ní àmì kankan. Àbúrò mi sún mọ́ gíláàsì náà, ó wo ara rẹ̀ níbẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Àwọn mẹ́gádì ò jẹ́ ká gbádùn. Ará Hausa kan nínú wọn, ẹni iyì, bó bá ti rí wa tí a gbé táǹkì ń bọ̀, á ní, "Sànnu, mai ruwa." Àwọn olómi tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi á dáhùn ní Hausa tirẹ̀ tó dà bí òkúta wẹẹrẹ, á ní, "Yauwa. Gbé ike ẹ wá kí n bù fún ẹ. Àmọ́ omi àwọn ọlọ́lá ni o, ikùn ẹ ò ní gbà á." Ojoojúmọ́ ni, kò sì sú wọn.

Táǹkì tó kún wúwo. Ẹnì kan ò lè dá a gbé kọ́ ẹ̀yìn kí ọrùn má ro ó. Àbúrò mi ló ń kọ́kọ́ gbé tèmi fún mi. Á bẹ̀rẹ̀, á gbé e lé mi lẹ́yìn, á fa okùn àyà mi kó le, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá táǹkì náà lẹ́ẹ̀kan bí ẹni gbá ẹṣin nídìí pé kó máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá tó gbé tirẹ̀. Mo ti dàgbà, òun náà ti dàgbà, ehín ti ká lẹ́nu àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé tirẹ̀. Ẹrù ẹ̀gbọ́n ni àbúrò ń kọ́kọ́ gbé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá yìí, ó yí padà. Ó ń gbé tèmi fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n gbé tirẹ̀ mọ́. Á gbé e lé orí ògiri kúkúrú tó wà níbi ìgbọ́kọ̀sí, á fẹ̀yìn tì í, á sì kó apá bọ okùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn mí. Inú mi dùn sí i. Mo rò pé ìtọ́jú ni.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Táǹkì tó kún kì í dún. Bí ẹni tó gbé e bá ń rìn, omi inú rẹ̀ á dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní ìdajì, gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: gbulù, gbulù, gbulù. Báyìí ni ti àbúrò mi ń dún lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó fọ àjà kẹta tán, òun ti padà sídìí fíítà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ka á sí ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti ń rá, tó fi ìwé sílẹ̀ kí n lè kà á, mo ka á sí ọ̀lẹ nítorí ìró omi.

Ọ̀gá wa kékeré pè wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ká jókòó. Ó ní àwọn tó ni ilé ń ráhùn pé iṣẹ́ ń falẹ̀. Ó ní tí oṣù bá parí, ilé iṣẹ́ máa jẹ́ kí ẹnì kan ṣẹ́ kù nínú àwa àgbàlagbà, wọ́n á sì fi ọ̀dọ́ rọ́pò ẹnì kejì, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì pọ̀ jù lójú ọ̀nà fíítà, wọ́n máa mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n táǹkì ẹnì kan ṣoṣo ló ń dún.

Ọdún kan ló kù kí ọmọbìnrin àbíkẹ́yìn àbúrò mi jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ ń fọṣọ fún ìdílé kan ní Life Camp, ọwọ́ obìnrin náà ti bó tán. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ọmọ náà á padà sílé. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Kuje, níbi tí à ń gbé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá a wí títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ojú fèrèsé ló kọjú sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́." Lọ́jọ́ kejì, ó tún ń dún.

Ìyẹn ló bí mi nínú. Mo dúró níwájú àwọn mẹ́gádì àti alátíì, mo ní àgbá òfìfo ló ń pariwo. Ará Hausa náà bi mí pé kí ni mo wí, mo sì tú u fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú bó ṣe ń rẹ́rìn-ín náà. Mo rí ọwọ́ yẹn lára ògiri. Mo rí i, mi ò kà á.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n jẹ́ kí wọ́n lé e lọ. Ó gbé táǹkì rẹ̀ sídìí fíítà, ó ti páìpù bọ̀ ọ́, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gba àdúrà díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé, mo ti di páìpù náà mú, mi ò yọ ọ́ títí omi fi dé ẹnu. Mo dé e. Nígbà tó padà dé, ó fọwọ́ kan táǹkì náà, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ rọ ọ́ kún?"

"Èmi ni. Bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e fún ẹ."

Nílé wa, ohun tí ẹ̀gbọ́n bá fọwọ́ ara rẹ̀ bù fún ọ, o kì í dà á padà. Bí ìyá wa ò bá sí nílé, èmi ni mò ń pín oúnjẹ, bí mo bá sì pín in láìdọ́gba, á jẹ ẹ́ tán, á tún dúpẹ́. Ó dúró díẹ̀ níwájú táǹkì náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lé e lẹ́yìn, mo fa okùn àyà rẹ̀ kó le. Mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá padà sídìí fíítà, màá bá a lọ, èmi ni màá di páìpù mú. Táǹkì rẹ̀ ò dún mọ́. Ọ̀gá wa kékeré sọ fún mi pé Dádì kejì ti ń gbìyànjú gan-an. Mo padà lọ sọ fún un, mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó ní ká dúpẹ́.

Láàárọ̀, apá ìwọ̀-oòrùn ilé la ń fọ̀, nítorí ibòji ṣì máa ń wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ibẹ̀ la wà. Mo jìnnà sí i díẹ̀. Mo rí ọ̀pá rẹ̀ lókè, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ lójú gíláàsì àjà kẹta. Ó dúró sójú kan. Ọ̀pá náà wá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kò yára rárá, ó sì sùn sórí òdòdó tí wọ́n gbìn sídìí ilé.

Nígbà tí mo bojú wo ilẹ̀, àbúrò mi ti jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Táǹkì náà ló mú un dúró ṣinṣin. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣì ń kùn, omi ń tú jáde lẹ́nu ọ̀pá sórí ilẹ̀. Mo rò pé ó ń sinmi. Ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Dìde, ọ̀gá ń bọ̀."

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ará Hausa náà ló sáré dé, tó wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà, tó pa á. Àwa méjèèjì la tú okùn àyà rẹ̀, okùn tí mo fà. Nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ, tí mo ń tẹ̀lé e, mo ṣèèṣì gbójú sókè. Ibi tó fọ̀ kẹ́yìn ti gbẹ. Kò ní àmì kankan.

Ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni dókítà wò ó, ó sì mi orí. Wọ́n kó àpò rẹ̀ fún mi. Bàtà ìyípadà wà níbẹ̀, áńkáṣíìfù, àti káàdì ọsibítù kan tó yàtọ̀ sí ti ibi tí a wà, ti Kuje ni, wọ́n ká ìwé kan sínú rẹ̀. Òyìnbó ọwọ́ dókítà le fún mi. Ọ̀gá wa kékeré, tó ti wá bá mi níbẹ̀, ló kà á fún mi níbi tí a jókòó sí. Ó ní ọkàn rẹ̀ ni, ó ti ń rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Ó kà á tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní bí òun bá mọ̀, òun ìbá fi í sídìí fíítà kó máa fi ẹ̀rọ kékeré wo omi, iṣẹ́ ìjókòó ni. Ó ní kí ló dé tí kò sọ.

Mo mọ ìdí tí kò fi sọ fún un: ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ níṣẹ́ kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò lágbára. Èyí tí mo ń bá fà títí di òní ni ìdí tí kò fi sọ fún mi. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ó mọ̀ mí, ó mọ̀ pé màá gbé tirẹ̀ mọ́ tèmi. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àgbá òfìfo yẹn ló dí i lẹ́nu.

A gbé e lọ sílé, a sin ín. Mo padà sí Àbújá, mo padà sídìí iṣẹ́. Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni mọ́ níparí oṣù, wọ́n mú ọkùnrin mìíràn sí ipò rẹ̀. Mo fi káàdì náà sábẹ́ ẹní mi. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, mò ń lọ wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, màá jókòó, màá bèèrè ọmọ, màá dìde. Mo ń sọ fún ara mi pé kò mọ̀ pé ara ọkọ òun ò yá, pé bí mo bá ti ẹnu bọ̀ ọ́, ọgbẹ́ á di méjì.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo mú káàdì náà dání. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Òjò ti ṣú.

Mo ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ kan wà."

Ó ní, "Mò ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìró omi, ohun tí mo wí níwájú àwọn mẹ́gádì, páìpù tó wà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo gbé káàdì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò mú un. Kò tilẹ̀ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní òun lòun tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

"Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń retí yín," ló wí.

Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rọ omi náà, ọkọ òun délé, ó dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì, kò jẹun. Òun bi í, ọkọ òun ní ẹ̀gbọ́n òun ti ń rọ ọ́ kún fún òun. Òun ní kó yà sí kọ̀rọ̀ kan kó dà á nù. Ọkọ òun ní, èyí tí ẹ̀gbọ́n òun fọwọ́ ara wọn rọ fún òun? Òun ní kó sọ fún mi nígbà náà. Ọkọ òun ní ó di ìgbà tí oṣù bá parí. Obìnrin náà ní òun gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì láti pè mí, òun tún gbé e sílẹ̀, nítorí kò yẹ kí ìyàwó fo ọkọ rẹ̀ kó lọ sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mò ń bínú yín," ló wí. "Mò ń bínú ara mi. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù."

Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀, ó ju èyí tó ti bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ ṣì ń gbé tiyín?"

Mo ní mò ń gbé e.

"Ṣé ó máa ń kún?"

Mo ní ó máa ń kún.

"Ẹ má jẹ́ kó kún mọ́. Mi ò lágbára tí màá fi sin ẹlòmíràn."

Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò retí rẹ̀. Mo rin inú òjò náà lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí omi dé ìdajì, mo yọ páìpù. Ọkùnrin tuntun náà gbé táǹkì fún mi, ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ bèèrè bóyá fíítà ti bàjẹ́, kò sì bèèrè. Ọ̀gá wa kékeré dúró níbi tó ti ń kọ̀wé. Ó gbọ́ ìró omi náà nígbà tí mo ń kọjá. Ó gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa gbà mí láyè dé.

Ará Hausa náà ń gbọ́ mi kí n tó yọ ní igun ilé, á sì ti dìde. Kò pè mí ní mai ruwa mọ́ láti ọjọ́ tí àbúrò mi kú. Gbulù, gbulù, ni mo ń rìn lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Mo ti wá mọ bó ṣe rí létí àbúrò mi ní gbogbo oṣù yẹn: ó ń gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ.